Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùdarí ètò rédíò ní Ìlọrin: ẹ fún wa ní eré apanilẹ́rìn-ín tó ń rin àárín ìràwọ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú owó dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá bá yín, yálà àárín ìgboro Ìlọrin ni ilé-iṣẹ́ yín wà tàbí Ìdòfìàn. Mo fẹ́ kí ẹ fún wa ní eré rédíò lédè Yorùbá, eré tí yóò máa sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, róbọ́ọ̀tì, kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀dá tó ń gbé ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò dé rí, tí yóò sì pa wá lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Eré tí ẹnì kan jókòó kọ ni mò ń wí, tí àwọn òṣèré fi ohùn ṣe, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ojú ẹsẹ̀ tí atọ́kùn fi ń dí àlàfo láàárín ìpolówó méjì.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ti ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan lẹ́nu mi. Inú rédíò ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Douglas Adams lorúkọ rẹ̀. Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1952. Ó ga fíofío, ó kàwé jáde ní yunifásítì, àmọ́ àwàdà tó ń kọ kò tètè rí ẹni tí yóò rà á. Ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láti fi jẹun. Ìgbà kan wà tó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún ìdílé olówó kan láti Qatar. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1978, BBC Radio 4 gbé apá kìíní eré rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, The Hitchhiker's Guide to the Galaxy. Agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ yìí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n fún èèyàn ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́. Wọn ò sì polówó rẹ̀ tó nǹkan. Apá mẹ́fà péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ sọ fún ẹni tí kò gbọ́, wọ́n ní kí wọ́n tún un gbé, wọ́n tún un gbé, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 1979, eré ti di ìwé.

Ìwé náà bí òmíràn ní 1980, òmíràn ní 1982, òmíràn ní 1984, ìkarùn-ún sì jáde ní 1992. Wọ́n ṣe é lórí tẹlifíṣàn ní 1981, wọ́n ṣe é ní fíìmù ní 2005. Ìwé ọ̀hún tà ju mílíọ̀nù 15 lọ nígbà ayé rẹ̀. Ó tún kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan báyìí, Dirk Gently, ìwé méjì, ní 1987 àti 1988. Àyà ló pa á ní California ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ọmọ ọdún 49 péré. Lọ́dọọdún, tó bá di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kárí ayé máa ń gbé táwẹ́ẹ̀lì kọ́ èjìká jáde nílé, torí ìwé rẹ̀ sọ pé kò sí ẹrù tó wúlò fún arìnrìn-àjò bíi táwẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin nínú ooru oṣù kẹta kò ní jiyàn.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Dent jí ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó rí katapílà níwájú ilé rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wó ilé náà kí ọ̀nà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá dá a lóhùn pé ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí ìwé ètò náà ti wà ní ọ́fíìsì fún gbogbo ará ìlú láti wò. Níbo gan-an? Ní abẹ́ ilẹ̀, níbi tí kò sí iná, tí àtẹ̀gùn ti wó. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa. Kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn ò lò mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí èèyàn ṣọ́ra fún ẹkùn. Ibi tí Arthur ti ń bá wọn fà á ni ọkọ̀ gìrìwò ti bo ojú ọ̀run. Àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Vogon ló dé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì paraku ni wọ́n, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ wó gbogbo ilé ayé kí ọ̀nà àárín ìràwọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, torí ó ti tó 50 ọdún tí àwọn ti lẹ ìwé ètò náà mọ́ ògiri ní Alpha Centauri, ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré.

Mo sọ ibi yìí fún ìyá kan tó ń ránṣọ ní Tanke, lọ́jọ́ tí mo lọ gba aṣọ tí kò tíì tán. Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Tíṣà, ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ mi fún òyìnbó yẹn?” Ọ̀dà pupa wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn níbẹ̀, àmì tí wọ́n fi ń sọ pé kí onílé kó ẹrù rẹ̀. Wọn ò mọ ọwọ́ tó kùn ún, kò sí lẹ́tà, kò sí ọjọ́, ọ́fíìsì tí wọ́n sì lọ ní kí wọ́n lọ béèrè ní ọ́fíìsì kejì. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan, tó ń ki bọ́tìnnì, ò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi sọ pé tó bá jẹ́ òun ni, òun á ra ẹran fún ẹkùn yẹn kí òun lè ráyè wọlé ka ìwé. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni Màmá tó sọ fún mi, wọ́rọ́wọ́, ohun tí ojú wọn ti rí lórí ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ wọn tipẹ́. Wọn ò sọ ọ́ rí.

Ohun tí eré yìí lè ṣe nìyẹn. Inú ọ̀run lọ́hùn-ún ni ó gbé ọ̀rọ̀ wa lọ, kò sì sẹ́ni tó lè bínú pé òun ni wọ́n ń bá wí, síbẹ̀ gbogbo wa ló mọ ẹni tó ni ín.

Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ní Yorùbá ká mi lára torí ohun tí mò ń rí ní kíláàsì. Ọmọ á ka òfin Newton mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àkọ́sórí fún ọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, láìfi ohunkóhun sílẹ̀. Bi í pé kí ló dé tí èèyàn fi ń taari síwájú nígbà tí bọ́ọ̀sì bá tẹ búréèkì, yóò dákẹ́. Ó ti gbà pé sáyẹ́ǹsì jẹ́ ohun tí a ń kọ́ fún WAEC, pé kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀sì.

Nítorí náà mo mú Alpha Centauri yẹn wọ kíláàsì SS2. Mo ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ ń sá nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ láti Alpha Centauri ń lo ju ọdún mẹ́rin lọ. Mo wá ní kí wọ́n bá mi ṣírò rẹ̀: bí awakọ̀ kan bá gbéra ní gáréèjì Òmù-Àrán, tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láìdúró tọ̀sán tòru, ìgbà wo ni yóò dé ibi tí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́? Wọ́n ṣírò, wọ́n tún un ṣírò, ẹnu yà wọ́n. Ó ju mílíọ̀nù 40 ọdún lọ. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn kíláàsì nawọ́, ó ní, “Sà, ṣé á kọ́kọ́ yà jẹun ní Àjàṣẹ́-Ìpo?” Kíláàsì dàrú. Mo jẹ́ kó dàrú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí wọ́n lè tàn jẹ lórí bí ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ jù nínú ìwé náà, Deep Thought. Wọ́n ní kí ó sọ ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ayé, ọ̀run àti ohun gbogbo. Ó ronú fún mílíọ̀nù méje ààbọ̀ ọdún, ó wá ní ìdáhùn náà ni 42. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Fún tíṣà físíìsì, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀. 42 kí ni? Mítà? Kílò? Náírà? Mo máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ọmọ tó bá kọ ìdáhùn láìkọ yúnítì: “Deep Thought nìwọ.” Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń kọ ọ́ fún ọmọ kan, kì í tún ṣe é mọ́. Inú ìwé yẹn, wọ́n wá rí i pé ìbéèrè gan-an làwọn ò mọ̀, wọ́n bá kọ́ kọ̀ǹpútà tó tóbi jù ú lọ láti wá ìbéèrè rí. Ayé tí à ń gbé yìí ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù kí iṣẹ́ parí tí àwọn Vogon fi wó o. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ti ń bi fóònù wọn ní gbogbo ìbéèrè báyìí, mi ò mọ ìtàn tó tún bọ́ sákòókò ju èyí lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Ìlọrin kò lẹ́nu irú rẹ̀. Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, ìlú ńlá tí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Àwọn tó ń ki ìlú yìí kò kì í ní ẹnu dídùn lásán. Ẹni tó bá gbọ́ dàdàkúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú rí mọ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń kọrin: á máa yin ẹnì kan lọ, á sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tò ó ní òwe, á fi ẹ̀rín dè é, ẹni tí òkò bà gan-an á máa jó. Iṣẹ́ kan náà ni Adams ń ṣe pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ti ẹ̀dá abàmì ńkọ́? D. O. Fágúnwà ti mú Àkàrà-oògùn wọ igbó lọ pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún láti 1938, Adams ò tíì dé ilé ayé. Ohun tó kù ni kí a sún igbó náà síwájú díẹ̀, kí ó kọjá òṣùpá.

Èdè tiwa sì pọ̀ tó. Ẹ̀dá kan wà nínú ìwé Adams, ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Babel fish: kì í sí nínú odò, inú etí ni wọ́n ń kì í bọ̀, ẹni tó bá sì kì í bọ etí á máa gbọ́ gbogbo èdè tó wà láyé àti lọ́run. Òkìkí ẹja náà kàn débi pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ AltaVista ṣe ẹ̀rọ ìtumọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1997, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún un. Ẹ ronú ohun tí òǹkọ̀wé Ìlọrin máa fi ẹja yìí ṣe ní ìpínlẹ̀ tí Yorùbá, Fúlàní, Núpé àti Bàrùbá jọ ń gbé. Nínú àwa Yorùbá fúnra wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀ máa sọ Ìgbómìnà, kí ẹnjiníà rẹ̀ máa sọ Ìbọ̀lọ́ ti Ọ̀fà, kí róbọ́ọ̀tì máa sọ Yorùbá Ìlọrin pọ́nńbélé, kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn lórí bọ́tìnnì tó yẹ kí wọ́n tẹ̀. Olùgbọ́ á mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dárúkọ. Tẹlifíṣàn ò lè fún wa ní ìyẹn.

Mi ò ní kí ẹ túmọ̀ ìwé Adams kí ẹ máa kà á lórí afẹ́fẹ́ o. Ẹ̀tọ́ oníwèé ṣì wà lórí rẹ̀: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022 náà kà á bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ó di òpin 2071. Ìdí mìíràn tún wà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde kí ẹlòmíràn má fi dẹ́rù bà yín. Adams kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò fi pa mọ́, àwọn àwàdà kan nínú ìwé rẹ̀ sì dá lé ibẹ̀. Mùsùlùmí ni mí. Mo ka àwọn ìwé náà, mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, mo kọjá níbi tí kò bá mi mu, ìgbàgbọ́ mi sì wà ní ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a fi ní láti kó ìyẹn wá sí Ìlọrin. Tiwa ni kí a kọ, kí àáfà, pásítọ̀ àti ọmọ wọn lè jọ jókòó gbọ́ ọ.

Ohun tí a máa kọ kò lópin. Ọkọ̀ àwọn ará ìràwọ̀ jíjìn bà sí Ọjà Ìpàta, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ni agbowó-orí ti lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lára, tó ń béèrè owó ìgúnlẹ̀. Tàbí kí a lọ sí Èsìẹ́. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800, torí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ mùsíọ́mù síbẹ̀ ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé àlejò láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Púpọ̀ nínú wọn ló jókòó sórí àpótí. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọba àti àwọn àgbà Èsìẹ́, ìtàn kan ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ ọ: níbo gan-an ni àwọn àlejò yẹn ti wá, ta ló ní kí wọ́n jókòó dúró, fọ́ọ̀mù wo ni wọ́n sì ń dúró dè?

Ìmọ̀ràn kan tí mo ní láti fún yín lórí iṣẹ́ náà ni pé kí ẹ gba gbogbo apá eré náà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kí ẹ tó gbé ìkíní sáfẹ́fẹ́. Adams kì í parí iṣẹ́ lásìkò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpele kejì eré rédíò rẹ̀, àwọn òṣèré ti wà nínú sítúdíò kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ wọn tán. Lórí ìwé kẹrin, ọ̀gá ilé-ìtẹ̀wé rẹ̀ ní láti bá a kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kó jókòó tì í títí ó fi parí. Ẹ̀yin ò ní owó hòtẹ́ẹ̀lì yẹn.

Owó gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà, mo mọ̀. Nígbà tí mo gbé èrò yìí lọ sí ilé-iṣẹ́ kan, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n lọ wá onígbọ̀wọ́, kí n wá ra àkókò bí àwọn olóògùn ṣe ń rà á. Ó dùn mí. Ọmọ tó ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn ilé-ìwé ti gbọ́ orúkọ agbo jẹ̀díjẹ̀dí tó mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì tíì gbọ́ orúkọ ìràwọ̀ kan. Kì í ṣe owó gọbọi ni mo ní kí ẹ ná. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, fún kọ́tà kan, ọ̀sẹ̀ 13. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe, ó ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní Yorùbá, ó ní ẹ̀ka físíìsì. KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, wà ní Malete, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ wà ní Òró. Àwọn ọmọ tó lóhùn, tó lọ́pọlọ, tó ń wá ibi tí wọ́n á ti fi hàn, wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìró ni kí ẹ bá wọn mójú tó dáadáa. Adams fẹ́ kí ìró eré rẹ̀ kún bíi ti àwo orin, BBC sì gbà á láyè. Àwa ní gángan, a ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, a ní kọ̀ǹpútà nínú sítúdíò.

Iṣẹ́ Adams tí mo fẹ́ràn jù ò sì ní ìràwọ̀ kankan nínú. Ní òpin àwọn ọdún 1980, òun àti onímọ̀ ẹranko kan, Mark Carwardine, rin ayé ká fún BBC láti lọ wo àwọn ẹranko tó ń kú tán, wọ́n wá sọ ọ́ di ìwé, Last Chance to See, ní 1990. Wọ́n rí àgbáńréré funfun ti àríwá ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà. Akọ tó kẹ́yìn nínú wọn kú ní Kenya ní oṣù kẹta ọdún 2018. Abo méjì ló ṣẹ́ kù. Ọkùnrin tó fi ẹ̀rín wó ilé ayé nínú ìwé kan náà ló lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ohun tó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá ti bá a rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ló máa dúró gbọ́ èyí. Ẹ rò ó wò fún àwọn ọmọ wa, nígbà tí wọ́n bá ti mọ ohùn róbọ́ọ̀tì wa tán tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀: ohun tí a lè rán an láti sọ fún wọn nípa igbó tí wọ́n ń fi ṣe èédú ní agbègbè wa kò kéré.

Mo ti kọ àwọn apá àkọ́kọ́, èyí tó dá lórí Ọjà Ìpàta. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ ọ́ dáadáa jù mí lọ, kí ẹ lo tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ, kí ó kéde lẹ́yìn ìròyìn agogo mẹ́jọ alẹ́. A máa ń tan rédíò nílé wa nígbà náà. Màá wọ bọ́ọ̀sì wá ní ọjọ́ kejì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan ní Òmù-Àrán